Igbó tó fẹ́ padà wá ní Abẹ́òkúta: ẹ ṣọ́ ọ, àbí ẹ tún un gbìn?

Tí oṣù karùn-ún bá ti wọlé tí òjò sì ti ń rọ̀ déédéé, ẹgbẹ́ àdúgbò kan ní Abẹ́òkúta a máa rí owó gbà fún igi gbíngbìn. Ó lè jẹ́ ọmọ ìlú tó wà lókè òkun ló fi ránṣẹ́, ó sì lè jẹ́ olóṣèlú tó fẹ́ ya fọ́tò. Kí ọ̀sẹ̀ tó yí, ọkọ̀ ti já ọmọ igi inú ọ̀rá sílẹ̀, àwọn èèyàn ti gbẹ́ ihò, wọ́n ti gbìn ín, wọ́n ti pàtẹ́wọ́. Nígbà tí ọyẹ́ bá dé tí iná ìgbẹ́ sì gba ibẹ̀ kọjá, kò sí ẹni tó máa padà lọ ka èyí tó kù.

Àwọn tí owó náà kò tíì kúrò lọ́wọ́ wọn ni mo ń bá sọ̀rọ̀: ẹ̀yin ìgbìmọ̀ CDA (ẹgbẹ́ ìdàgbàsókè àdúgbò), ẹ̀yin olórí ẹbí tí ilẹ̀ wà lọ́wọ́ yín lọ́nà Odẹ́dá tàbí Alábàtà, ẹ̀yin olùkọ́ tí ọgbà ilé ìwé yín gbòòrò. Ọ̀nà mẹ́rin ni àwọn èèyàn ń gbà dá igbó padà láyìíká wa. Owó tí wọ́n ń jẹ kò dọ́gba, ilẹ̀ tó bá wọn mu yàtọ̀ síra, ohun tó ń pa ọ̀kan kọ́ ló ń pa èkejì. Mo ti yan tèmi, mi ò sì ní fi pamọ́: ẹ ṣọ́ ohun tó wà nílẹ̀ kí ẹ tó ra ohun tí kò sí. Ṣùgbọ́n ilẹ̀ tiyín lè sọ nǹkan mìíràn, ìdí nìyẹn tí mo fi tẹ́ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin sílẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn.

| Ohun tí ẹ ń wò | Ṣíṣọ́ kó tún hù | Igi ìbílẹ̀ lóríṣiríṣi | Mèlínà tàbí tíìkì (igi àjèjì) | Igi láàárín oko |
|---|---|---|---|---|
| Ilẹ̀ tó bá a mu | Ibi tí kùkùté ti ń rúwé, tí igi ńlá ṣì wà nítòsí | Ilẹ̀ tó ti ṣófo, tí ẹ̀kan ti gbà | Etí ilẹ̀, nítòsí àwọn tó ń wá igi ìdáná | Oko tí wọ́n ṣì ń dá lọ́wọ́ |
| Ibi tí owó ń gbà lọ | Ọ̀nà iná (ilẹ̀ ríro tí iná kò lè kọjá) àti ẹ̀ṣọ́ | Ọmọ igi, lẹ́yìn náà ríro fún ọdún méjì sí mẹ́ta | Ọmọ igi, ríro fún ọdún méjì | Ọmọ igi díẹ̀, ìpàdé púpọ̀ |
| Ìgbà tí èrè ń dé | Igi ìdáná àti ewé láàárín ọdún mélòó kan; igi ńlá máa ń pẹ́ | Èso ṣáájú; pákó di ti àwọn ọmọ yín | Mèlínà, bí ọdún 8 sí 10; tíìkì tó tó pákó là, ọdún 20 sókè | Ire oko lọ́dọọdún, èso bí igi bá dàgbà |
| Ohun tó ń pa á | Iná, màlúù, ọmọ onílẹ̀ | Àìro, ẹ̀ẹ̀rùn, kòkòrò | Iná nígbà tó ṣì kéré. Màlúù fún mèlínà | Ìjà onílẹ̀ àti àgbẹ̀ |

Ẹ kọ́kọ́ rin ilẹ̀ náà já

Lẹ́yìn òjò àkọ́rọ̀, ẹ mú ọdẹ kan àti ìyá kan tó ń ṣẹ́gi tà dání, kí ẹ rin ilẹ̀ náà láti ààlà dé ààlà. Àwọn méjèèjì yìí mọ ohun tí ẹni tó fi ọkọ̀ wá wo ilẹ̀ kò lè mọ̀. Ẹ wo kùkùté: ṣé ó ń rúwé, àbí ó ti jẹrà? Ẹ ya koríko sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, nítorí ọmọ igi tó ga tó orúnkún sábà máa ń wà lábẹ́ ewé Akíntọ́lá tí ojú kò ní rí i (ewé Awólọ́wọ̀ ni wọ́n ń pè é nílé ẹlòmíràn, ẹ bi bàbá yín léèrè ẹgbẹ́ tó ṣe). Ẹ fi ẹsẹ̀ wọn ìgbésẹ̀ gbọọrọ mẹ́wàá níbùú àti mẹ́wàá lóròó, kí ẹ ka gbogbo ohun tó máa di igi nínú rẹ̀, kùkùté tó rúwé pẹ̀lú. Ẹ ṣe é níbi márùn-ún tàbí mẹ́fà. Bí ẹ bá ń rí tó márùn-ún lójú kọ̀ọ̀kan, á jẹ́ pé hẹ́kítà kan ilẹ̀ yín ti ní bíi 500 igi tí ẹnikẹ́ni kò rà. Ilẹ̀ bẹ́ẹ̀ kò nílò ọkọ̀ ọmọ igi.

Lẹ́yìn náà, ẹ gbójú sókè. Igi ńlá wo ló ṣẹ́kù tó lè fún ilẹ̀ yìí ní irúgbìn? Ìrókò ní akọ, ó ní abo. Tí akọ kan ṣoṣo bá dá dúró sí gbogbo àgbègbè náà, kò ní so títí ayé. Bó bá jẹ́ abo tí akọ rẹ̀ wà nítòsí, àdán ni yóò máa bá yín gbé irúgbìn rẹ̀ ká lóru, kò sì ní bi yín lówó. Àràbà ní atẹ́gùn tó ń gbé òwú rẹ̀ lọ. Àwọn tí irúgbìn wọn tóbi, bí orógbó àti òro, kì í rìn jìnnà mọ́ níbi tí ẹranko ńlá ti tán nínú igbó. Irú àwọn wọ̀nyẹn ló yẹ kí ẹ fi ọwọ́ gbìn, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ṣíṣọ́ ni ẹ yàn.

Ṣíṣọ́, àti ohun tí wọ́n rí ní Olókèméjì

Láàárín Abẹ́òkúta àti Ìbàdàn ni igbó ọba Olókèméjì wà. Ọdún 1899 ni ìjọba amúnisìn yà á sọ́tọ̀. Ní 1929, àwọn onímọ̀ igbó bẹ̀rẹ̀ ìdánwò kan níbẹ̀ tó yẹ kí gbogbo ọmọ Ẹ̀gbá tó ní ilẹ̀ gbọ́ nípa rẹ̀. Wọ́n ya ilẹ̀ sí ọ̀nà mẹ́ta. Wọ́n ń sun apá kan lọ́dọọdún ní ìbẹ̀rẹ̀ ẹ̀ẹ̀rùn, nígbà tí koríko ṣì tutù díẹ̀. Wọ́n ń sun apá kejì ní ìparí ẹ̀ẹ̀rùn, nígbà tí gbogbo nǹkan ti gbẹ kanrin. Apá kẹta, wọn kò jẹ́ kí iná dé ibẹ̀ rárá. Nígbà tí wọ́n fi máa ka ọdún 28, apá tí iná kò dé ti di igbó tó ṣú. Apá tí wọ́n ń sun ní ìparí ẹ̀ẹ̀rùn ṣì jẹ́ ọ̀dàn, koríko pẹ̀lú igi wíwọ́ díẹ̀díẹ̀. Èyí tí wọ́n ń tètè sun bọ́ sí àárín méjèèjì. Ilẹ̀ kan náà ni, òjò kan náà ló ń rọ̀ sí i. Iná nìkan ló yàtọ̀.

Mo ń tẹnu mọ́ èyí nítorí pé ibi tí igbó àti ọ̀dàn ti pàdé ni Abẹ́òkúta jókòó sí. Òjò tó ń rọ̀ fún wa lọ́dún, tó máa ń sún mọ́ mìlímítà 1,200, tó láti gbé igbó ró. Ohun tó ń sọ ilẹ̀ wa di koríko ni iná ọdẹ tó ń lé ọ̀yà, iná àgbẹ̀ tó bọ́ mọ́ ọn lọ́wọ́, àti iná àwọn tó ń sun èédú. Tí owó yín bá kéré débi pé ohun kan ṣoṣo ló lè ṣe, ẹ ná an lórí iná.

Iṣẹ́ rẹ̀ rèé. Kí oṣù kọkànlá tó parí, ẹ ro ọ̀nà iná yí ilẹ̀ náà ká, kó fẹ̀ tó mítà márùn-ún, kí ẹ sì gbá koríko tí ẹ ro kúrò níbẹ̀. Lórí kùkùté tó rú ẹ̀ka mẹ́wàá, ẹ mú mẹ́ta tó dúró ṣinṣin, kí ẹ gé ìyókù fún igi ìdáná. Gbòǹgbò tó ń bọ́ mẹ́wàá tẹ́lẹ̀ á wá bọ́ mẹ́ta, ẹ ó rí bí wọ́n ṣe máa ga. Níbi tí ẹ̀kan bá ti gbà, ẹ fi pákó tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀ yí ọmọ igi ká. Ẹ̀kan tí ẹ gé máa ń hù padà kíákíá, ṣùgbọ́n èyí tí ẹ tẹ̀ kì í yára dìde. Kí ẹ lọ bá olúọdẹ àdúgbò kí ẹ̀ẹ̀rùn tó dé, kì í ṣe lẹ́yìn tí iná bá ti jó. Bí ó bá ṣeé ṣe, ọdẹ ni kí ẹ fi ṣe ẹ̀ṣọ́, kí ẹ máa san owó fún un.

Ní orílẹ̀-èdè Niger, lágbègbè Maradi, irú iṣẹ́ orí kùkùté yìí ni Tony Rinaudo, ará Ọsirélíà, bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú àwọn àgbẹ̀ ní ìbẹ̀rẹ̀ ọdún 1980 sókè, lẹ́yìn tí èyí tó pọ̀ jù nínú ọmọ igi tí wọ́n ń gbìn kú mọ́ wọn lọ́wọ́. Láàárín nǹkan bí ogún ọdún, ó ti tàn dé ilẹ̀ oko tó tó mílíọ̀nù 5 hẹ́kítà. Òjò Maradi kò sì tó ìdajì tiwa. Ohun tó gbé e kalẹ̀ ju ọgbọ́n gígé ẹ̀ka lọ ni pé àwọn àgbẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í ka igi oko wọn sí tiwọn. Ti ìjọba ni òfin ti sọ pé ó jẹ́ tẹ́lẹ̀, ta ló máa ṣọ́ igi ìjọba fún ìjọba?

Èrè kékeré tó ń kọ́kọ́ jáde nínú igbó tí a ṣọ́ kò yẹ ká fojú kéré: igi ìdáná látinú ẹ̀ka tí a gé, ewé àti egbò fún àwọn ẹlẹ́wé ọmọ, ìgbín, ọ̀yà tó bá padà. Ẹ̀lú tí àwọn aláàdìrẹ Ìtòkú fi ń pa aró láyé àwọn ìyá àgbà, inú irú igbó bẹ́ẹ̀ ló ti máa ń hù fúnra rẹ̀, tí á máa fà mọ́ igi. Aró òyìnbó ló gbòde báyìí, ṣùgbọ́n àwọn tó ń ra àdìrẹ ẹlẹ́lùú gidi ń san owó tó yàtọ̀.

Àléébù ṣíṣọ́ ni pé kò yẹ fọ́tò. Lọ́dún kìíní àti ìkejì, ìgbẹ́ lásán ni àlejò máa rí, ẹnìkan á sì sọ pé ẹ ti jẹ owó náà. Ẹ rì òpó kan mọ́lẹ̀ níbi tó ga, kí ẹ máa dúró ní ìdí rẹ̀ ya fọ́tò ní oṣù kẹsàn-án lọ́dọọdún, kí ẹ lè máa fi ti ọdún kan wé ti òmíràn. Àléébù kejì: ohun tí kò sí nítòsí kò ní hù. Bí àrèrè bá ti tán pátápátá ní gbogbo àyíká yín, ṣíṣọ́ kò lè dá a padà.

Igi ìbílẹ̀ tí ẹ bá máa gbìn

Ilẹ̀ tí katakata ti tú fún ẹ̀gẹ́ lọ́dọọdún títí kùkùté fi tán, tàbí etí ibi tí wọ́n ti ń fọ́ òkúta lọ́nà Odẹ́dá tí erùpẹ̀ òkè rẹ̀ ti lọ, ibẹ̀ ni gbígbìn ti ní ìtumọ̀. Ṣùgbọ́n ẹ má jẹ́ kí orúkọ igi tàn yín.

Àwọn ẹgbẹ́ kan a máa fẹ́ fi ìrókò kún gbogbo ilẹ̀ nítorí iyì rẹ̀. Kòkòrò kékeré kan wà tí àwọn onímọ̀ ń pè ní Phytolyma. Ó máa ń jẹ́ kí ewé àti ọ̀mùnú ìrókò kékeré ta kókó, kókó náà á bẹ́, á jẹrà, orí igi á sì kú. Níbi tí ìrókò bá pọ̀ lójú kan nínú oòrùn gangan ni ó ti ń burú jù. Nínú igbó tí ẹnikẹ́ni kò gbìn, ìrókò kan máa ń jìnnà sí èkejì gan-an. Nítorí náà ẹ gbìn ín ní ṣọ́ọ́ṣọ̀ọ́ṣọ́, bí 20 nínú hẹ́kítà kan, láàárín igi mìíràn tó máa ṣíji bò ó díẹ̀. Ọ̀gànwó náà ní tirẹ̀: ìdin kan máa ń gbẹ́ orí rẹ̀ wọlé, igi á wá ya ẹ̀ka kó tó ga. Àdàlù ni oògùn òun náà.

Àrèrè kì í so dáadáa lọ́dọọdún, irúgbìn rẹ̀ kì í sì pẹ́ kú. Ẹ má ra irúgbìn àrèrè tó ti sùn nínú àpò láti ọdún tó kọjá, ẹni yòówù kó tà á. Afárá ni mo fẹ́ràn láti fi ṣíwájú: ó fẹ́ oòrùn, ó yára ga, àwọn igi tó fẹ́ ìbòòji á sì rí abẹ́ rẹ̀ wọ̀. Ọ̀mọ̀ yẹ kó wà níbẹ̀ pẹ̀lú. Bí ẹ bá ti ra ìlù gbígbẹ́ rí, ó ṣeé ṣe kó jẹ́ igi ọ̀mọ̀ ni wọ́n fi gbẹ́ ẹ, ó sì ti ń ṣọ̀wọ́n.

Lẹ́yìn ìwọ̀nyí, ẹ fi igi ẹnu kún un. Àgbálùmọ̀, ìyeyè, òro, orógbó. Igi tí ọmọ àdúgbò ń jẹ èso rẹ̀ kì í ṣòro ṣọ́, tìjà-tìjà ni wọ́n máa fi gbà á lọ́wọ́ ẹni tó bá gbé àáké wá. Orógbó ń béèrè sùúrù: irúgbìn rẹ̀ lè wà nínú ilẹ̀ fún oṣù mélòó kan kó tó yọ, torí náà ẹ má tètè da iyẹ̀pẹ̀ rẹ̀ nù. Ní ti ààlà, ẹ má ná owó kankan. Ẹ gé ẹ̀ka akòko àti ìyeyè tó nípọn tó ọrùn ọwọ́, ẹ rì í mọ́lẹ̀ lákòókò òjò, á hù. Ẹ fi pèrègún sáàárín wọn. Kò sí ọmọ Yorùbá tó máa rí pèrègún lórí ìlà tó máa sọ pé òun kò mọ̀ pé ààlà ni.

Ní ti àlàfo, mítà mẹ́ta sí mẹ́ta ń gba igi 1,111 nínú hẹ́kítà kan. Mítà mẹ́rin sí mẹ́rin ń gba 625. Àwọn tó ń ta ọmọ igi máa sọ mẹ́ta, dájúdájú. Tí owó bá kéré, ẹ mú mẹ́rin, kí ẹ fi owó tó kù ro oko. Ìlànà tèmi ni pé owó ọmọ igi àti gbígbìn kò gbọ́dọ̀ ju ìdá kan nínú mẹ́ta gbogbo owó lọ. Ìdá méjì yòókù wà fún ríro lẹ́ẹ̀mẹta lọ́dún kìíní, lẹ́ẹ̀mejì lọ́dún kejì, fún ọ̀nà iná, àti fún dídí ojú àwọn tó bá kú.

Ọjọ́ tí ẹ gbìn ín ń ṣiṣẹ́ púpọ̀ ju bí àwọn olóyè ṣe rò lọ. Ọjọ́ kọkànlélógún oṣù kẹta ni àjọ̀dún igbó lágbàáyé, àwọn ilé iṣẹ́ sì fẹ́ràn láti gbin igi lọ́jọ́ náà. Ní Abẹ́òkúta, òjò kò tíì fẹsẹ̀ múlẹ̀ nígbà yẹn. Ọjọ́ karùn-ún oṣù kẹfà, tí í ṣe ọjọ́ àyíká lágbàáyé, bá wa mu dáadáa. Láti àárín oṣù karùn-ún sí ìparí oṣù kẹfà ni kí ẹ fojú sí. Bó bá pẹ́ ju bẹ́ẹ̀ lọ, oṣù kẹjọ tí òjò máa ń dáwọ́ dúró á bá gbòǹgbò nílẹ̀ lásán. Èyí tí ẹ gbìn ní oṣù kẹwàá sì ti di ti ọyẹ́. Kí ẹ ya ọ̀rá kúrò kí ẹ tó gbìn ín, ẹ jọ̀ọ́. Ó yẹ kí n má kọ ìyẹn rárá, ṣùgbọ́n ẹ lọ hú igi tó kú níbi ayẹyẹ kan, ẹ máa rí ọ̀rá nídìí rẹ̀.

Fún ọmọ igi, ẹ kọ́kọ́ béèrè ní ẹ̀ka ẹ̀kọ́ igbó ní FUNAAB, yunifásítì iṣẹ́ àgbẹ̀ ti ìjọba àpapọ̀ ní Alábàtà, kí ẹ béèrè ní ilé iṣẹ́ ìjọba ìpínlẹ̀ tó ń rí sí igbó, kí ẹ tó kọjá sí Ìbàdàn níbi tí ilé ìwádìí igbó ti orílẹ̀-èdè yìí wà láti 1954. Ẹ sọ ohun tí ẹ fẹ́ ní oṣù mẹ́fà ṣáájú. Tí ẹ bá dé lọ́jọ́ tí ẹ fẹ́ kó o, mèlínà ni wọ́n máa ní.

Mèlínà àti tíìkì

Láti ìhà Íńdíà àti Bọ́mà ni igi méjèèjì ti wá. Ní igbó Ọmọ, ní ìpínlẹ̀ Ògùn yìí kan náà, wọ́n gbin mèlínà lọ rẹrẹ nítorí ilé iṣẹ́ bébà ní Ìwópin. Ẹ lọ bi àwọn ará ibẹ̀ bóyá bébà ni mèlínà náà dà.

Síbẹ̀, mi ò sí lára àwọn tó ń bú mèlínà. Ó yára, bí ẹ bá gé e ó ń rú padà láti ìdí, igi ìdáná rẹ̀ sì ń tà. Àwọn tó ń yan gàrí àti àwọn tó ń sè fún ayẹyẹ kò ní dáwọ́ igi dúró nítorí pé ẹ fẹ́ dá igbó padà. Bí wọn kò bá rí igi lẹ́gbẹ̀ẹ́, inú ibi tí ẹ ń ṣọ́ ni wọ́n máa wọ̀. Ìlà mèlínà mẹ́ta tàbí mẹ́rin létí ilẹ̀, lápá ibi tí ilé wà, lè dá ààbò bo gbogbo ìyókù. Màlúù ń jẹ ewé rẹ̀, torí náà ẹ wo ọ̀nà darandaran kí ẹ tó yan ẹ̀gbẹ́. Màlúù kì í jẹ tíìkì, ìyẹn sì ni àǹfààní rẹ̀ lójú mi. Ewé rẹ̀ fẹ̀, omi òjò máa ń rọ́ lórí rẹ̀ bọ́ sílẹ̀ ní ẹ̀kán ńláńlá, abẹ́ rẹ̀ máa ń gbóná tí iná sì fẹ́ràn ewé gbígbẹ rẹ̀, erùpẹ̀ a máa wọ́ lọ lórí ilẹ̀ tó dagun. Lórí àwọn òkè olókùúta wa, mi ò ní gbìn ín.

Ẹni tó bá fi mèlínà nìkan kún hẹ́kítà márùn-ún ti dá oko igi. Kò sí ohun tó burú nínú oko igi, owó ni. Kó má ṣáà gba owó igbó lórí rẹ̀.

Igi láàárín oko

Ọ̀nà yìí ti pẹ́. Ní Bọ́mà, ní ọ̀rúndún kọkàndínlógún, ni ìjọba amúnisìn ti bẹ̀rẹ̀ sí í fún àgbẹ̀ ní ilẹ̀ inú igbó ọba kó fi gbin oúnjẹ, kó sì máa tọ́jú ọmọ igi láàárín rẹ̀ títí ìbòòji yóò fi lé e kúrò. Wọ́n gbé e dé Nàìjíríà náà. Ibi tó ti ń bàjẹ́ kò ṣòro láti rí: ọjọ́ tí igi bá dàgbà ni oko àgbẹ̀ parí. Bí igi bá kú, òun ni yóò jèrè. Ẹni tí ẹ bá fi sí irú ipò bẹ́ẹ̀, ọkọ́ rẹ̀ á máa ṣèèṣì kan ọmọ igi.

Lórí ilẹ̀ ẹbí, ìṣòro náà gba ọ̀nà mìíràn yọ. Nílẹ̀ wa, ẹni tó ń san ìṣákọ́lẹ̀ kì í dá gbin igi tó máa pẹ́ láìgba àṣẹ onílẹ̀, nítorí igi pípẹ́ jọ ẹ̀rí pé ilẹ̀ jẹ́ tirẹ̀. Bí ẹ bá kàn pín ọmọ àgbálùmọ̀ fún àwọn ayálégbé orí ilẹ̀, ìjà ni ẹ pín fún wọn. Ẹ kọ́kọ́ pe onílẹ̀ àti àgbẹ̀ sójú kan, kí ẹ kọ ọ́ sílẹ̀ pé ilẹ̀ ṣì jẹ́ ti ẹbí, pé èso jẹ́ ti ẹni tó gbin igi fún iye ọdún báyìí, àti ìpín tí kálukú yóò gbà bí wọ́n bá gé igi tà. Lẹ́yìn èyí, igi díẹ̀ ló tó: 40 sí 50 nínú éékà kan, kí oòrùn ṣì lè dé ẹ̀gẹ́ àti àgbàdo. Àgúnmániyè dára láti fi bẹ̀rẹ̀, ó ń mú ilẹ̀ sanra, ẹ̀ka rẹ̀ sì ń di ọ̀pá iṣu.

Ọwọ́ ta ni yóò wà?

Mo ti rí i pé ìpàdé tí wọ́n fi ń jiyàn lórí irú igi máa ń gùn, èyí tí wọ́n fi ń bèèrè pé ta ló ni ilẹ̀ kì í pẹ́. Ó yẹ kó jẹ́ òdìkejì.

Igbó ọba, irú Arákàngà tó wà nínú ìlú níbí, ti ìjọba ìpínlẹ̀ ni. Láìsí àdéhùn pẹ̀lú wọn, ohun tí ẹ bá gbìn síbẹ̀, ẹ bùn wọ́n ni. Ilẹ̀ ẹbí lágbára níwọ̀n ìgbà tí olórí ẹbí bá wà láàyè. Òfin ilẹ̀ ti 1978 fi ilẹ̀ sọ́wọ́ gómìnà, síbẹ̀ ọmọ onílẹ̀ kò dáwọ́ títà dúró. Kí ẹ wọn ilẹ̀ náà, kí àwọn aṣojú ojúlé kọ̀ọ̀kan fọwọ́ sí ìwé, kí ẹ̀dà kan wà lọ́dọ̀ baálẹ̀, òmíràn ní ìjọba ìbílẹ̀.

Igbó Orò jẹ́ ọ̀rọ̀ mìíràn. Nínú ọ̀pọ̀ ìlú kéékèèké tó para pọ̀ di Abẹ́òkúta lẹ́yìn 1830, igi tó dàgbà jù lọ sábà máa ń wà níbẹ̀, nítorí èèwọ̀ ni. Ní Òṣogbo, èèwọ̀ àti iṣẹ́ ọwọ́ Susanne Wenger, oníṣẹ́ ọnà ará Austria, pẹ̀lú àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ló dáàbò bo hẹ́kítà 75 tí UNESCO fi sínú ìwé ohun àjogúnbá àgbáyé ní 2005. Ẹ̀rù ń ṣiṣẹ́, ṣùgbọ́n kò bà gbogbo èèyàn mọ́, pàápàá ẹni tó ń ta pulọ́ọ̀tì. Ohun kejì tí àwọn àgbà kì í fẹ́ gbọ́: obìnrin kì í wọ igbó Orò, àwọn obìnrin sì ló ń wá igi ìdáná. Igbó tí ẹni tó ń lo igi jù kò lẹ́nu nínú rẹ̀, ẹ̀ṣọ́ rẹ̀ kò pé. Kí ẹ jẹ́ kí igbó Orò máa jẹ́ tirẹ̀, kí ẹ sì ṣètò ilẹ̀ tó yí i ká lọ́tọ̀, pẹ̀lú obìnrin nínú ìgbìmọ̀.

Àwọn tó ti ṣe é yege fi ọ̀nà púpọ̀ hàn. Àwọn ará Èkùrí, ìlú méjì ní ìpínlẹ̀ Cross River, ń bójú tó igbó tó tó hẹ́kítà 33,600 fúnra wọn, wọ́n sì gba ẹ̀bùn Equator, ẹ̀bùn àgbáyé fún àwọn ará ìlú tó ń dáàbò bo àyíká wọn, ní 2004. Ní Nepal, òfin 1993 gbé àṣẹ igbó lé àwọn ẹgbẹ́ abúlé lọ́wọ́, pẹ̀lú owó tó bá tinú rẹ̀ wá. Ilẹ̀ tí igi bò níbẹ̀ kúrò ní nǹkan bí ìdá 26 nínú ọgọ́rùn-ún ní 1992, ó di bí 45 ní 2016. Èyí tí mo fẹ́ràn jù ni ti Wangari Maathai ní Kẹ́ńyà, obìnrin tó dá ẹgbẹ́ agbìngi Green Belt sílẹ̀. Láti 1977 tó ti bẹ̀rẹ̀, owó táṣẹ́rẹ́ ni wọ́n ń fún àwọn obìnrin, ṣùgbọ́n lórí ọmọ igi tó yè ni, kì í ṣe lórí èyí tí wọ́n gbìn. Nígbà tó fi máa gba ẹ̀bùn Nobel ní 2004, igi náà ti ju mílíọ̀nù 30 lọ.

Ibi tí mo bá dúró

Éékà méjì lọ́nà Alábàtà tí kùkùté pọ̀ níbẹ̀: mà á ṣọ́ ọ, mà á gbin orógbó àti òro mélòó kan sínú rẹ̀, mà á fi mèlínà sí ẹ̀gbẹ́ ilé. Oko ẹ̀gẹ́ tó ti ṣófo: igi ìbílẹ̀, mítà mẹ́rin sí mẹ́rin, afárá ṣíwájú. Etí Odò Ògùn: ẹ má tú ilẹ̀ ibẹ̀ rárá, ẹ jẹ́ kí ọparun àti igi tó ti mọ omi lára máa di bèbè mú, torí pé omi máa ń kún dé ibẹ̀ nígbà òjò. Orí àpáta: ẹ lé ewúrẹ́ kúrò, igi òdán á rí ojú sísán tirẹ̀.

Fún ọgbà ilé ìwé, ọ̀nà Akira Miyawaki, onímọ̀ igi ará Japan, wù mí: ọmọ igi ìbílẹ̀ bí mẹ́ta nínú mítà kan níbùú lóròó, kí wọ́n máa du ìmọ́lẹ̀. Ibi tó tó mítà mẹ́wàá sí mẹ́wàá á gba 300 igi, owó rẹ̀ sì wọ́n, àmọ́ àwọn ọmọ á rí igbó kí wọ́n tó jáde ìwé. Ẹ má gbèrò rẹ̀ fún hẹ́kítà.

Ọ̀nà yòówù kí ẹ yàn, ẹ kọ èyí sínú àdéhùn pẹ̀lú ẹni tó bá gbaṣẹ́: ìdajì owó nígbà tó bá gbìn ín tàbí tó bá ro ọ̀nà iná tán, ìdajì kejì ní oṣù kẹrin, lẹ́yìn tí ẹ̀ẹ̀rùn méjì bá ti kọjá lórí rẹ̀, níye igi tó bá ṣì yè. Kí àwọn tó máa kà á jẹ́ mẹ́ta, kí ọ̀kan nínú wọn jẹ́ obìnrin tó ń ṣẹ́gi níbẹ̀. Ẹni tó bá ní òun kò lè dúró dìgbà yẹn, ẹ wá ẹlòmíràn.